Télọ̀ Kan Nílùú Tá A Ti Wá

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tọkọtaya tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ò tíì rílé kankan tí wọn yóò wò. Inú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni wọ́n ń sùn. Ẹrù wọn wà lẹ́yìn àga, ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ sì wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹni pé ó jalè.

Ìyàwó ni iṣẹ́ gbé wá sílùú yìí. Agbẹ̀bí ni. Ilé ìwòsàn ńlá ló pè é kó wá máa ṣiṣẹ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n Mátírọ̀nì tó jẹ́ olórí wọn ti là á mọ́lẹ̀ fún un. Kí oṣù yìí tó parí, ó gbọ́dọ̀ ti máa gbé níbi tó ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, torí pé ọmọ tó bá fẹ́ wáyé kì í dúró de ọkọ̀. Bí kò bá rílé nítòsí, ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tí wọn yóò gbà sípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n rílé nítòsí, tàbí kí iṣẹ́ bọ́.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Mi ò sọ pé télọ̀ yẹpẹrẹ o. Nílùú tí wọ́n ti wá, bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, àwọn tó fẹ́ gbéyàwó a máa sún ọjọ́ síwájú dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyàwó gba iṣẹ́ náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn láti sọ nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí abẹ́rẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ ọ́n, tó wá di òwú lóòótọ́, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ojú ń tì í, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nílé àna ló ń sùn. Láàárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó jáde láti yàrá, yóò ti ká ẹní, yóò ti jókòó ṣánṣán lórí àga bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan burúkú sí i rí. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. "Àna mi, ẹ jókòó, ẹ má dìde," lẹ̀gbọ́n máa ń wí, á sì máa gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló júwe ajẹ́ńtì àkọ́kọ́ fún wọn, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì rẹ̀. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga bíi mélòó kan, àti ògiri tí wọ́n kan ìṣó sí láti òkè délẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ń fì lára ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń gun àtẹ̀gùn lókè, gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọkùnrin méjì ti jókòó níbẹ̀, wọ́n ń dúró de kí ó kàn wọ́n.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó," ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Ta ni iṣẹ́ gbé wá nínú yín?"

Agbẹ̀bí wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń dúró kí ọkọ òun dáhùn, nítorí kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lójú èèyàn.

"Iṣẹ́ ló gbé wa wá," Télọ̀ dáhùn.

"Mo ti gbọ́, bàbá. Iṣẹ́ ta ni?"

"Tèmi ni, mà," Agbẹ̀bí wí.

Obìnrin náà bá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó. Ó bi í bóyá wọ́n máa ń pè é lóru. Ó bi í bóyá ó ń bẹ̀rù ajá, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì máa ń lè gun òkè lẹ́yìn tó bá ti dúró ti aboyún látàárọ̀. Ẹ̀rín bọ́ sí Agbẹ̀bí lẹ́nu, kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Télọ̀ jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó sin ìyàwó wá rajà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Kí niṣẹ́ tiyín?"

"Télọ̀ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù nílùú tá a ti wá."

"Níbí ńkọ́?"

"Níbí... mo ṣì ń wò ó ná."

"Ó yé mi. Ẹ ò tíì ríṣẹ́ nìyẹn."

Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́ o. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó wúkọ́, etí Télọ̀ sì gbóná.

"Èmi kì í bo ọ̀rọ̀ ayálégbé fún láńlọ́ọ̀dù," Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ń bá tirẹ̀ lọ. "Bẹ́ ẹ ṣe wà ni mo máa sọ fún wọn pé ẹ wà. Ilé kan wà lẹ́yìn ọsibítù, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Yàrá kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ẹ lè gbé ẹ̀rọ yín síbẹ̀. Ẹ dìde ká lọ wò ó báyìí."

"A máa padà wá," ni Télọ̀ wí. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí "a máa padà wá" túmọ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Agbẹ̀bí ò lè mú un mọ́ra. "Kí ló dé? Ilé tá à ń wá gan-an mà nìyẹn."

"Obìnrin yẹn ò mọ̀wọ̀."

"Ọ̀wọ̀ wo ló dín kù ńbẹ̀? Ó pè yín ní bàbá, ó ní kẹ́ ẹ jókòó."

"O ò gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ ni? Lójú àwọn ọkùnrin yẹn?"

Agbẹ̀bí ń bá ọ̀nà lọ. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti ń gbé nǹkan mìíràn mì látìgbà tí wọ́n ti dé, kò sì fẹ́ fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ilé tí wọ́n ń wá sílẹ̀, tí wọ́n lọ ń wá a kiri.

Ajẹ́ńtì kejì ni Onítáì. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí táì ọrùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Oríta ni ọ́fíìsì tirẹ̀ wà, gíláàsì ni iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹni tó bá jókòó nínú rẹ̀ á máa wo ẹni tó ń kọjá, ẹni tó ń kọjá náà á sì máa wò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ síbẹ̀, Télọ̀ tú ẹrù, ó yọ kóòtù rẹ̀ jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán inú rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìdí, ó ń tú èjìká rẹ̀, ó ń tún un rán, títí tó fi jókòó bó ṣe fẹ́. Kò rán an fún títà. Ara rẹ̀ ló rán an fún, kí àwọn oníbàárà lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kó tó wọlé tán, Onítáì ti dìde.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé, ẹ wọlé! Màdáàmù, ẹ káàbọ̀ mà. Apá ibo nílùú lẹ ń fẹ́?"

"Nítòsí ọsibítù ńlá," Télọ̀ wí.

Onítáì lu tábìlì. "Mo ti mọ̀! Wọ́n ní ọ̀gá tuntun ń bọ̀ wá darí ibẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni mo ti sọ fún ara mi pé ẹni náà rè é."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tẹ́nì kan ti pè é ní ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí i lára bí omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Agbẹ̀bí wò ó, ó ń retí kó tún un sọ.

"Màdáàmù, àbí mo purọ́?" Onítáì bi í.

"Ẹ̀yin náà lójú inú," Agbẹ̀bí wí.

Ẹ má bínú sí i. Kí ni kó ṣe, kó bọ́ aṣọ lára ọkọ rẹ̀ lójú gíláàsì, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá? Ó rò pé bí àwọn bá jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Kò mọ̀ pé Onítáì ti ń tẹ fóònù pe onílé kan.

Ilé tí Onítáì mú wọn lọ dára, mi ò ní fi ẹnu ba ilé onílé jẹ́. Funfun ni, òpópónà kejì sí ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí lọ́hùn-ún, ó sọ fún Onítáì pé ibẹ̀ lòun ti ń gbẹ̀bí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé irọ́ tó gbé wọn débẹ̀. Onílé jẹ́ bàbá àgbà kan tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń wo nǹkan bí ẹni tó fẹ́ rà á. Kóòtù Télọ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan aṣọ yín," ni bàbá náà wí. Ó fi ìka tọ ọrùn kóòtù náà, ó yí etí rẹ̀ padà, ó wo inú rẹ̀. "Háà. Ta ló rán eléyìí? Àwọn télọ̀ ìhín, bí wọ́n bá rán kóòtù fún èèyàn, á dà bí ẹni tó wọ àpò. Mo ní àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ rán aṣọ, èmi náà fẹ́ rán. Mò ń wá ẹni tó mọṣẹ́."

Ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ ló rìn wá bá Télọ̀ yìí, tó fọwọ́ kàn án lára. Ohun tí gbogbo télọ̀ ayé ń gbàdúrà fún rè é. Télọ̀ wo Onítáì, ó rí bí ẹnu ìyẹn ṣe là sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó ń retí ohun tí ọ̀gá máa sọ.

"Télọ̀ kan ni," ó wí. "Nílùú tá a ti wá."

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

"Ó... kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Agbẹ̀bí yí ojú kúrò lójú fèrèsé. Òun ló máa ń tan iná fún un nígbà tó ń gán inú kóòtù yẹn. Òun ló máa ń kó òwú sí abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú bá rẹ̀ ẹ́. Ó jáde lọ sí ìta, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìgbà tí Télọ̀ rí ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ni ojú wá tì í lóòótọ́. Ojú tó ti ń tì í tẹ́lẹ̀, ojú ẹni tí kò níṣẹ́ ni. Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀, inú ló ti ń jẹ ẹ́ wá sóde.

Bàbá onílé ò mọ nǹkan kan. "Ilé ti di tiyín," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ní ìṣe kan. Èmi kì í fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ nílé. Ibi iṣẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń gbé e fún un. Bí mo bá ti rí bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ń wò ó, mo ti mọ irú ẹni tí mo fẹ́ bá gbé. Lọ́jọ́bọ̀ a ó wá kí yín ní ọ́fíìsì."

"Kò sí wàhálà rárá, bàbá!" Onítáì ló bá ọ̀gá dáhùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ Télọ̀ ò tíì rìn kúrò ní òpópónà tí òtítọ́ ti ń mí sí i lẹ́yìn ọrùn.

Wọn ò lè sọ ọ́ nílé, torí ẹ̀gbọ́n wà nílé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti dúró sọ ọ́, lábẹ́ ìbòòji ògiri kan.

"Ẹ ní kò ṣiṣẹ́ mọ́," Agbẹ̀bí wí.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Kẹ́ ẹ sọ pé èmi ni."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀gá? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín wo?" Ohùn Agbẹ̀bí ò lọ sókè. "Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ yín, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní, ṣé télọ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, télọ̀ ni. Mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni ojú iṣẹ́ yẹn ń tì."

Télọ̀ wo ilẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ló ń ti òun lójú, pé pálọ̀ àna ni, pé ẹní tí òun ń ká láàárọ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ò gbé e. "Màá pàdé wọn lẹ́nu géètì," ó wí níkẹyìn. "Màá sọ fún wọn pé mo fẹ́ jáde, kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀."

"Ẹ tún fẹ́ fi irọ́ nu irọ́."

"Lẹ́ẹ̀kan yìí péré ni."

"Ẹ ṣáà má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Mátírọ̀nì," Agbẹ̀bí wí, ó sì ń lọ níwájú.

Lọ́jọ́bọ̀, Télọ̀ ti wà lẹ́nu géètì látàárọ̀, nínú kóòtù, nínú oòrùn. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ tó lọ fi epo para sídìí iná ni. Àlejò lójú, kò fi ríran: kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn náà ní géètì mìíràn lẹ́yìn, tí àwọn onílùú ń gbà. Ìgbà tí òógùn ti bò ó, tó wọlé lọ wá ibi tí yóò jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀, ló gbọ́ ohùn Onítáì.

"Ọ́fíìsì ọ̀gá tuntun là ń wá, mà."

Mátírọ̀nì ló dúró níwájú wọn, obìnrin gígùn tó so aago mọ́ àyà, bàbá onílé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onítáì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá náà, ó ti so ó mọ́ okùn tuntun.

"Ọ̀gá tuntun wo?" Mátírọ̀nì bi í. "Kò sí ọ̀gá tuntun níbí."

"Ọ̀gá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mà. Ìyàwó wọn náà ń ṣiṣẹ́ níbí, agbẹ̀bí ni wọ́n." Onítáì bojú wẹ̀yìn. "Àwọn gan-an nìyẹn!"

Gbogbo ojú yí sí Télọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá dúró. Àwọn aboyún tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbórí sókè. Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ì bá ti bẹ̀ ẹ́ kó gbé òun mì.

Mátírọ̀nì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí, igbe obìnrin kan tú jáde, ó pe Agbẹ̀bí. Ìyẹn jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó má baà fara kan nǹkan. Ó rí onílé, ó rí Onítáì, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti yé e kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

"Wọ́n ní ọkọ ẹ ni ọ̀gá ilé ìwòsàn yìí," Mátírọ̀nì wí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Télọ̀, ó wà níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ibi tó ti ń gbìyànjú àtigbé e sókè ni orúnkún Agbẹ̀bí ti kan ilẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, lójú àwọn aboyún tó ń bọ̀ wá gbẹ̀bí fún.

"Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, mà. Ilé ni mò ń wá."

Mátírọ̀nì wò ó títí. "Ẹni tó lè pa irú irọ́ yìí nítorí ilé," ó wí, "bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí lọ́la, tí mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló máa sọ fún mi?"

Agbẹ̀bí tẹ orí ba. Ọrùn rẹ̀ ni Télọ̀ ń wò, ibi tí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Ó rí i pé ìyàwó òun fẹ́ gbé e mì pátá, irọ́, iṣẹ́, àti orúkọ rere, kí òun lè máa jẹ́ ọ̀gá fún àwọn ẹni méjì tí òun ò mọ̀ rí. Ojú rẹ̀ tún tì í, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtìjú náà ló tì í síwájú.

"Irọ́ ni," ó wí. Ó tún un sọ. "Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀gá. Ó ní kí n má ṣe é. Èmi kì í ṣe ọ̀gá kankan. Mi ò níṣẹ́ nílùú yìí. Nílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ là ń sùn." Ó yíjú sí bàbá onílé. "Bàbá, télọ̀ kan tí mo sọ fún yín pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, èmi ni."

Onítáì bẹ̀rẹ̀ sí í tún táì rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe táì náà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kejì ní kó dákẹ́. Bàbá onílé sún mọ́ Télọ̀, ó tún wo kóòtù náà láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo rán an?"

"Èmi ni, sà."

"Mo fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ, mo ní ta ló ṣe é, o ní télọ̀ kan ni." Bàbá náà mi orí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò tilẹ̀ jọ ìbínú. "Ẹni tó lè sẹ́ ara ẹ̀ báyìí, ọjọ́ wo ni ò ní sẹ́ èmi?" Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó jáde. Onítáì sáré tẹ̀ lé e, kò sọ pé ó dàbọ̀.

Igbe tún jáde láti inú yàrá.

"Dìde," Mátírọ̀nì sọ fún Agbẹ̀bí. "Ọmọ ń bọ̀. Lọ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ẹ." Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀kùn pa dé, ó fi kún un pé, "Òpin oṣù ò yí padà o."

Agbẹ̀bí wọlé. Kò wo ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà.

Télọ̀ ò lọ sílé. Ó bọ́ kóòtù, ó ká a sí apá, ó rìn títí dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Èrò wà níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sí àga, ó dúró. Nígbà tó kàn án, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ gbójú sókè. Bóyá ó rántí rẹ̀, bóyá kò rántí, mi ò mọ̀. Ìbéèrè kan náà ló bi í.

"Ta ni iṣẹ́ gbé wá?"

"Ìyàwó mi ni," Télọ̀ wí, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. "Agbẹ̀bí ni. Èmi, télọ̀ ni mí, mi ò tíì ríṣẹ́."

"Ilé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti lọ o," obìnrin náà wí. Ó rántí rẹ̀ nígbà yẹn. "Ẹ bá ti mú un. Èyí tó kù, ìsàlẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù. Ariwo wà níbẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ síbì kan, àfi ẹnu ọ̀nà, lójú títì, kí gbogbo ayé máa wò yín. Ṣé ẹ lè jókòó síbẹ̀?"

Télọ̀ ronú díẹ̀. "Mo lè jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló máa wò ó. Bó bá ní kò wu òun, kò wù wá nìyẹn."

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó já kọ́kọ́rọ́ kan lórí ìṣó, ó fún un láìbéèrè nǹkan mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wà lẹ́nu géètì, lọ́tẹ̀ yìí géètì ẹ̀yìn ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ọ̀kan rí i, ó fọwọ́ tọ́ ẹnì kejì. "Ọ̀gá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ kí wọn padà. Kí ló tún kù tó fẹ́ bò?

Agbẹ̀bí ló jáde kẹ́yìn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Télọ̀ la ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ hàn án.

"Lọ́dọ̀ ta?"

"Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́."

"Kí lẹ sọ fún un pé ẹ jẹ́?"

"Télọ̀ tí kò tíì ríṣẹ́."

Agbẹ̀bí wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Kò gbà á. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, mi ò sì lè bá a sọ ọ́. Àpò ọwọ́ rẹ̀, àpò obìnrin pupa kékeré tó ní okùn wíńníwínní, ló bọ́ léjìká, tó nà sí ọkọ rẹ̀. "Ọrùn ń ro mí," ó wí. "Ẹ bá mi gbé e."

Télọ̀ gbà á. Ọ̀nà méjì ló wà láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ògiri, kò sí èèyàn níbẹ̀. Èkejì gba oríta, níwájú gíláàsì Onítáì. Télọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ sí ti ẹ̀yìn ògiri, ṣùgbọ́n Agbẹ̀bí ti ń lọ sí oríta, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó tẹ̀ lé e. Onítáì wà nínú gíláàsì pẹ̀lú àwọn èèyàn tuntun kan, ó rí wọn, ó na ọwọ́, ó ń júwe wọn fún àwọn yẹn, ẹ̀rín sì sọ nínú gíláàsì láìdún. Ojú ti Télọ̀ dé etí, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé àpò náà pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Ó fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ wo ilé.